Ògbufọ̀ Èdè Àmì àti Olùkọ́ Èdè Àmì: Bí Èèyàn Ṣe Ń Dé Ìdí Iṣẹ́ Méjèèjì

Bí ẹnì kan bá ti lè fi ọwọ́ kí adití, kó béèrè orúkọ rẹ̀, kó sì ka lẹ́tà láti A dé Z lórí ìka, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa pè é ní ògbufọ̀. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ èdè àmì díẹ̀ wà, ògbufọ̀ wà, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ adití ní ìṣirò àti ìwé kíkà wà, olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíì ní èdè àmì fúnra rẹ̀ náà sì wà. Mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tó ń bàjẹ́ bí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà bá gbà á ṣe. Iṣẹ́ ògbufọ̀ àti iṣẹ́ olùkọ́ èdè àmì la fẹ́ tú palẹ̀ níbí, torí pé àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ ṣe pọ̀. Èèyàn lè ṣe méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà kó wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èdè wo lẹ ń kọ́ gan-an?

Kò sí èdè àmì kan ṣoṣo tí gbogbo adití ayé ń sọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ó lé ní 300. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní Amẹ́ríkà, òun náà ni wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ adití tó ń lo èdè àmì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní ASL, kò ní gbọ́ èyí tó ń lo BSL ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà ọwọ́ kan ni ASL fi ń ka lẹ́tà, ọwọ́ méjì ni BSL fi ń kà á. Èdè àmì ilẹ̀ Faransé ni ASL fi bá tan, nítorí pé Laurent Clerc, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Hartford lọ́dún 1817, èdè tó gbé wá láti Paris sì pò mọ́ èyí tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ti ń lò nílé wọn.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun ni pé, èdè àmì wo ni àwọn adití ibi tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ń lò? Ẹni tó bá ń kó àmì jọ látinú fídíò tó bá ṣáà ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á kó ti ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún. Ọwọ́ rẹ̀ á yá, ṣùgbọ́n kò sí adití kan tó máa gbọ́ ọ tán.

Ohun kejì tó ń dojú rú ni ìgbàgbọ́ pé èdè àmì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí a fi ọwọ́ sọ. Lọ́dún 1960 ni William Stokoe gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ jáde, tó fi hàn pé àmì ASL kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀yà tí a lè tú sọ́tọ̀, bí a ṣe lè tú ọ̀rọ̀ ẹnu sí ìró. Ìrísí ọwọ́ wà níbẹ̀, ibi tí a gbé ọwọ́ sí wà níbẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń rìn náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé e fi ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí kún un, pẹ̀lú ohun tí ojú, orí àti èjìká ń ṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nínú ASL, ẹ ya ìka márààrún, kí ẹ fi àtàǹpàkò kan iwájú orí, ẹ ti sọ pé bàbá. Ẹ gbé ọwọ́ yẹn kan náà wá sí àgbọ̀n, ó ti di ìyá. Kò sí ohun mìíràn tó yí padà ju ibi tí ọwọ́ wà.

Ojú ló ń gbé gírámà. Nínú ASL, ẹni tó ń béèrè ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ máa ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Ẹni tó ń béèrè ta ni, kí ni, ibo ni, á fa ojú ro. Bí ọwọ́ bá ń sọ̀rọ̀ tí ojú sì dákẹ́, ohun tí adití rí dà bí ìwé Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí, tí òǹkàwé wá ń fọkàn méfò. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Ojú máa ń ti àgbàlagbà láti fi ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ borí ìtìjú yẹn kó tó tẹ̀ síwájú.

Ọdún mélòó ni èèyàn fi ń kọ́ ọ?

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ṣètò rẹ̀ bákan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gun ìpele BSL 1, 2 àti 3, á bọ́ sí ìpele 6, lẹ́yìn náà ló tó kan ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ gan-an. Ní Amẹ́ríkà, àjọ àwọn ògbufọ̀ tí wọ́n ń pè ní RID, tó ti wà láti 1964, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí. Láti 2012, ẹni tó ń gbọ́rọ̀ tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò wọn gbọ́dọ̀ ní dígírì tàbí ohun tó bá a dọ́gba. Ìwé ẹ̀rí yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri kí wọ́n gbàgbé rẹ̀, torí pé láàárín ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, oníṣẹ́ ní láti fi wákàtí 80 kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí wọ́n má bàa gbà á padà.

Ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ déédéé, tó sì ń bá àwọn adití ṣe wọlé-wọ̀de lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lè fi bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin gbọ́ èdè náà dé ibi tí ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ á tún gba ọdún kan sí méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ti tó, owó yín ló ń wá.

Ohun tó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ni pé àwọn adití láàánú. Bí wọ́n bá rí i pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wọn, wọ́n á rọra sọ̀rọ̀, wọ́n á yan àmì tó rọrùn, wọ́n á sì máa tún un sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá rò pé òun ti gbọ́. Ìdánwò tòótọ́ ni kí ẹ jókòó ti adití méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọn kò rántí pé ẹ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lè wò wọ́n fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì ròyìn ohun tí wọ́n sọ láìfo orúkọ, iye àti ẹni tó ṣe kiní fún ta ni, ẹ ti múra tán fún ẹ̀kọ́ ògbufọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà síbi tí àwọn adití wà. Ìwé àmì àti ètò orí fóònù lè fi kún iye àmì tí ẹ mọ̀, wọn kò lè kọ́ ojú yín bí a ṣe ń wo ọ̀rọ̀ tó ń sáré.

Ohun tí ògbufọ̀ ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ

Ká sọ pé dókítà kan wí fún adití pé: "Ẹ máa lo oògùn yìí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ má lò ó láìjẹun." Ẹni tó kàn mọ àmì á máa sáré tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde lẹ́nu dókítà. Ògbufọ̀ á dúró díẹ̀ kó gbọ́ odidi èrò. Á kọ́kọ́ gbé oògùn náà kalẹ̀ níwájú kí adití mọ ohun tí à ń sọ. Á fi hàn pé òwúrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, alẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bó bá jẹ́ pé ohun tí dókítà ní lọ́kàn nìyẹn. Bí kò bá dá a lójú, á béèrè, kò ní méfò. Á wá ka ọjọ́ méje. Ní ti gbólóhùn ìkejì, bó bá jẹ́ ASL ni, á gbé ìpéǹpéjú sókè bó ṣe ń sọ pé inú ṣófo, á sì mi orí bó ṣe ń sọ pé lo oògùn. Nínú mímì orí yẹn ni "má" lè wà. Bó bá gbàgbé rẹ̀ torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti sọ fún aláìsàn pé kó lo oògùn lórí ikùn òfìfo.

Bí ògbufọ̀ ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú kó tó gbé e ni àwọn olùkọ́ iṣẹ́ yìí ń fi àkókò tó pọ̀ jù kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bí àlàfo náà bá kúrú jù, á máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ìtumọ̀ kò sì ní yé ẹnikẹ́ni. Bó bá gùn jù, orúkọ, déètì àti iye owó á jábọ́. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ ni kí èèyàn jẹ́ kí èrò gùn díẹ̀, àmọ́ kó súnmọ́ olùsọ̀rọ̀ kíákíá bí ó bá ti gbọ́ pé nọ́ńbà tàbí orúkọ ń bọ̀.

Apá tí àwọn ògbufọ̀ tuntun máa ń sá fún ni wíwo adití kí wọ́n sì fi ohùn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n á ṣe èyí tí ọwọ́ dáadáa, bí adití bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn wọn á wálẹ̀, wọ́n á máa dá gbólóhùn dúró sáàárín. Ohun tí èyí ń fà burú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ adití lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kó sọ̀rọ̀ tó já geere, kí ìgbìmọ̀ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ akólòlò. Ògbufọ̀ ló kólòlò, adití ló pàdánù iṣẹ́. Ẹ fi ìdajì àkókò ìdánrawò yín sí ẹ̀gbẹ́ yìí. Ẹ máa wo fídíò adití tó ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń túmọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì tẹ́tí sí i. Èyí tó fò, èyí tí ẹ fi kún un àti èyí tí ẹ fi òmíràn rọ́pò, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí èyí tó ń fò bá pọ̀ jù, ọkàn yín ló ń kún. Bó bá jẹ́ fífi òmíràn rọ́pò ló pọ̀, òye èdè ni kò tíì tó.

Ní ti ìjókòó, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ olùsọ̀rọ̀, kí adití lè máa rí yín àti ojú olùsọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má dúró sí iwájú fèrèsé, torí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn á sọ ojú yín di òjìji. Aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ara yín ló dára, láìsí òrùka ńláńlá. Ògbufọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an. Bí adití bá ní orí ń fọ́ òun, ohun tí ògbufọ̀ á sọ ni "orí ń fọ́ mi", kì í ṣe "ó ní orí ń fọ́ òun". Bí ògbufọ̀ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, á fi yé ẹgbẹ́ méjèèjì pé ògbufọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, bí àpẹẹrẹ nígbà tó bá fẹ́ tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ló ń ba orúkọ jẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún ṣe.

Iṣẹ́ tó bá ju bíi wákàtí kan lọ, tàbí tó ń sáré tí kò sí ìsinmi, ògbufọ̀ méjì ló ń ṣe é. Wọ́n á máa gba ara wọn láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sinmi kò lọ síbì kankan, á máa tẹ́tí, á sì fún ẹnì kejì ní ọ̀rọ̀ tó bá fò ó. Ọpọlọ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀, ọwọ́ ló ń tẹ̀ lé e, ẹni tó ti rẹ̀ kì í sì mọ̀ pé òun ti ń fo ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gbà bí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ bá ní owó ẹnì kan lòun ní fún ìpàdé wákàtí mẹ́ta.

Àṣírí, ẹbí, àti iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹ gbà

RID àti ẹgbẹ́ àwọn adití Amẹ́ríkà jọ gbé òfin ìwà iṣẹ́ kan kalẹ̀ lọ́dún 2005. Ìlànà méje ló ní, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pípa àṣírí mọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwùjọ adití kéré níbi gbogbo, wọ́n mọ ara wọn. Bí ògbufọ̀ bá sọ pé òun wà ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ lánàá, ẹnì kan lè mọ ẹni tó bá lọ, kódà bí kò dárúkọ.

Mọ̀lẹ́bí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ògbufọ̀ nílé ìwòsàn tàbí ní kóòtù, bó ti wù kó mọ èdè náà tó. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ adití lè gbọ́ èdè àmì ju gbogbo wa lọ, torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Síbẹ̀ ẹ̀dùn ọkàn kò ní jẹ́ kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé jẹjẹrẹ ni dókítà rí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ fi í ṣe iṣẹ́, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lòun náà ní láti lọ gbà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí àṣìṣe kò ti lè ba ayé ẹnikẹ́ni jẹ́: ìpàdé ẹgbẹ́, ìdálẹ́kọ̀ọ́, ìrìn àjò afẹ́. Ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ àgbà kan máa wò yín níbẹ̀. Ilé ìwòsàn, àgọ́ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́ àti ìtọ́jú ọpọlọ ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àkànṣe. Nínú àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ tún máa bá adití tó jẹ́ ògbufọ̀ pàdé. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé irú rẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá adití tí kò kàwé, tí kò sì bá adití míì dàgbà, sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ kò lè gbà sọ ọ́. Ẹ̀yin á gbé ọ̀rọ̀ fún un, òun á gbé e fún oníbàárà.

Ní December 10, 2013, níbi ètò ìrántí Nelson Mandela ní Soweto, ọkùnrin kan dúró ti àwọn olórí orílẹ̀-èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ju ọwọ́, àwọn adití tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n sì figbe ta pé kò sọ nǹkan kan tó nítumọ̀. Ẹni tó ń gbọ́rọ̀ tí kò mọ èdè àmì kò lè mọ ìyàtọ̀. Bí ẹ bá wà nípò láti gba ògbufọ̀ síṣẹ́, ẹ jẹ́ kí adití wà lára àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó, àdéhùn, àti ara tó ń ṣiṣẹ́

Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2006, dárúkọ ògbufọ̀ èdè àmì nínú abala rẹ̀ ìkẹsàn-án. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, kóòtù, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń túmọ̀ ìpè orí fídíò ló ń gba ògbufọ̀ jù. Àwọn kan ń gba owó oṣù, àwọn tó pọ̀ ń ṣe é ní àdáni.

Ẹni tó ń ṣe é ní àdáni gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn. Kó wà níbẹ̀ pé iye wákàtí tó kéré jù tí ẹ ń gbà ni wákàtí méjì, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ parí ní ogún ìṣẹ́jú. Kó wà níbẹ̀ ẹni tó ń san owó ọkọ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fagi lé e nígbà tí kò ju wákàtí 48 lọ mọ́. Kó wà níbẹ̀ pé wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìpàdé, orúkọ àwọn olùsọ̀rọ̀ àti àwọn ọ̀rọ̀ àkànṣe ránṣẹ́ ṣáájú. Ògbufọ̀ tó wọ ìpàdé nípa ẹ̀rọ ìwòsàn láìmọ orúkọ ẹ̀rọ kan, ìka ló máa fi ka lẹ́tà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbé yín láti òkè orí dé ìbàdí, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti iwájú, kí ẹ̀yìn yín jẹ́ àwọ̀ kan. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já máa ń jẹ ìka ní ìdajì.

Ọrùn ọwọ́, èjìká àti ẹ̀yìn ni iṣẹ́ yìí ń bà jẹ́. Ẹ máa na ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ju ọwọ́ sókè ju àyà lọ láìnídìí, ẹ má sì kó iṣẹ́ mẹ́ta sí ọjọ́ kan. Bí ìka bá ti ń kú tipiri lóru, ẹ lọ rí dókítà kó tó di pé iṣẹ́ dúró. Ọkàn náà ń gba tirẹ̀. Ẹnu ara rẹ̀ ni ògbufọ̀ fi ń sọ "wọ́n lù mí", bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n lù, ó sì yẹ kó ní àgbà iṣẹ́ tí òun lè bá sọ bó ṣe rí lára rẹ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Kíkọ́ ẹlòmíì

Ìmọ̀ràn wa lórí èyí le díẹ̀: adití ló yẹ kó kọ́kọ́ wà ní ipò olùkọ́ èdè àmì. Èdè wọn ni, wọ́n sì ti jìyà lórí rẹ̀. Lọ́dún 1880, ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Milan pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn adití, àwọn tó ń gbọ́rọ̀ ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó dìbò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti lé ọ̀pọ̀ adití tó jẹ́ olùkọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́rọ̀ tí ẹ sì fẹ́ kọ́ni, ẹ bá adití jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ lè gba apá tí wọ́n ń fi wé èdè ẹnu, tàbí ẹ̀kọ́ ògbufọ̀ fúnra rẹ̀, kí adití gba èdè.

Èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá tó fún kíláàsì kan. Àga máa wà ní ìlàjì òbìrí, kí gbogbo wọn lè rí olùkọ́, kí wọ́n sì rí ara wọn. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa wo ìpàkọ́. Ẹ pa ohùn mọ́ láti ọjọ́ kìíní. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ sì ń ju ọwọ́ pọ̀, etí ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa lò, ojú rẹ̀ kò ní kọ́ ohunkóhun, àmì yín fúnra yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ètò ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ lo àwòrán, ẹ lo ohun gidi, ẹ ṣe é lójú wọn. Àmì tuntun mẹ́wàá sí márùn-ún dín lógún tó fún wákàtí kan ààbọ̀, ìyókù kí ó jẹ́ ìjíròrò.

Wàhálà kan wà tí kò sí olùkọ́ tuntun tí kì í bá a. Ẹ kọjú sí wọn, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe àmì, wọ́n á sì fi ọwọ́ òsì ṣe é, bí ẹni ń wo dígí. Ẹ sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ọwọ́ tí oníkálukú fi ń kọ̀wé ni yóò máa ṣáájú: ọlọ́wọ́ ọ̀tún á lo ọ̀tún, ọlọ́wọ́ òsì á lo òsì, kò sì gbọ́dọ̀ máa yí i padà láàárín ọ̀rọ̀. Bí àmì kan bá le, ẹ yí ẹ̀yìn sí wọn, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n rí i láti ẹ̀yìn.

Ẹ má ṣe fi ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe nìkan dán an wò. Ẹ fi fídíò ìṣẹ́jú méjì hàn án, kí ó kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Èyí ni máàkì òye. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ gba òun náà sórí fídíò nígbà tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fún ìrísí ọwọ́ ní máàkì tirẹ̀, kí ojú àti orí ní tiwọn, kí bó ṣe ń lo àyè iwájú rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gba 80 nínú ọwọ́ àti 30 nínú òye kò tíì lè bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ wo fídíò náà, kí ẹ dá a dúró níbi tó ti sọnù, kí ẹ sì béèrè ohun tó rí níbẹ̀ kí ẹ tó sọ ìdáhùn fún un.